Wọ́n Ní Ẹnu Mi Ló Wó Ilé Àna Mi

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ó ti sú mi, ó ti tán mi ní sùúrù. Ìṣó, páànù àti àgádágodo ni mò ń tà l'Ọ́jà'ba. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ilé tuntun kan láti ibẹ̀ títí dé Bẹ́ẹ̀rẹ̀ tí ìṣó mi kò sí lára òrùlé rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn tí wọ́n jẹ́ kí n fẹsẹ̀ tẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ lọ́wọ́. Bí ẹnìkan bá fẹ́ fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, á pín obì kárí àdúgbò, á sì fo ilé mi. Bí mo bá ń kọjá níbi tí wọ́n ti ń mọ ilé, ẹni tó ń kọrin á dákẹ́, ẹni tó gbé amọ̀ rù á dúró títí n ó fi kọjá. Obìnrin kan tilẹ̀ bu omi sílẹ̀ lẹ́yìn mi ní ọjọ́ kan, bí ẹni pé mo da nǹkan búburú sílẹ̀ níbẹ̀. Mo yíjú padà, mo ní, "Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o." Ó tún bu omi mìíràn sílẹ̀. Afẹnuwólé ni wọ́n ń pè mí lẹ́yìn. Wọ́n rò pé n kò mọ̀.

Ẹ má tíì dá mi lẹ́jọ́. Àwọn tó ti dá mi lẹ́jọ́ ti pọ̀ tó, kò sì sí èyí tó gbọ́ tẹnu mi nínú wọn. Agbo ilé Mùsùlùmí ni wọ́n ti bí mi ní Bẹyẹrúnkà, ṣùgbọ́n bàbá mi fi mí sí ilé ìwé àwọn onímíṣọ́ọ̀nù ní apá Kúdẹtì, nítorí ó rí i pé ayé ti di ti Ìjọba òyìnbó, ẹni tí kò bá mọ̀wé á kàn máa wo ayé lójú ni. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé kí n di akọ̀wé, kí n wọ ṣòkòtò funfun, kí n máa jókòó sórí àga. Gbogbo bàbá ìgbà náà ló ń rò bẹ́ẹ̀. Àmọ́ Tíṣà tó ń kọ́ kíláàsì wa, ọkùnrin gíga kan tí ohùn rẹ̀ kì í wálẹ̀, ní èrò tirẹ̀. Ó ní, "Akọ̀wé ti ń pọ̀ jù. Ẹ lọ wo bí wọ́n ti ń kọ́ ilé tí akọ̀wé ń jókòó sí." Ìjọba ń kọ́ ilé ẹjọ́ kan lọ́wọ́ nísàlẹ̀ òkè Mápó nígbà náà. Tíṣà lọ bá òyìnbó tó ń ṣe kòkáárí iṣẹ́ náà, ó tọrọ àyè, láti ìgbà náà ni ó ti ń kó wa lọ síbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá yẹ fún iṣẹ́ ilé kíkọ́ lè fojú ara rẹ̀ rí i.

Ẹ ò bá gbọ́ bí àwọn bàbá wa ti bínú! "Mo rán ọmọ nílé ìwé kó má baà gbé yẹ̀pẹ̀, ẹ tún kó o lọ síbi tí wọ́n ti ń gbé yẹ̀pẹ̀!" Bàbá tèmi náà sọ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi, ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀, ọkàn mi kò padà sílé mọ́. Fọ́máànù wọn, ọmọ Èkó kan tó máa ń fi aṣọ nu orí rẹ̀ pípá, tẹ́ ìwé fẹ̀ǹfẹ̀ kan sórí pákó, ó ní ilé náà nìyí. Mo wò ó. Ilé tí kò tíì sí, mo ti rí yàrá rẹ̀, mo ti rí ojú fèrèsé rẹ̀ lórí ìwé! Wọ́n fi okùn tí wọ́n so òjé mọ́ nídìí hàn wá, bí wọ́n ti ń fi í mọ̀ bóyá ògiri dúró ṣánṣán. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi èédú ya ilé sára ògiri bàbá mi, tí wọ́n ń nà mí, tí mo tún ń yà á.

Ohun kan wà tí Tíṣà máa ń ṣe níbẹ̀, òun ló sì gbẹ̀yìn ba ayé mi jẹ́. Bí a bá ti yí ilé náà po tán, á tò wá síwájú rẹ̀, á ní, "Bí ilé yìí yóò bá wó, níbo ni yóò ti wó?" Dandan ni kí ẹnìkọ̀ọ̀kan wa nawọ́ síbì kan, kó sì sọ ìdí rẹ̀. Ó ní ẹni tí kò bá mọ ibi tí ilé ti lè wó, kò lè kọ́ èyí tó máa dúró. Ẹni tó bá dákẹ́ á jẹ pàṣán. Ẹni tó bá ń kùn lábẹ́ ahọ́n náà á jẹ ẹ́, nítorí Tíṣà ní ògiri kì í dúró de onítìjú, bí o bá ti rí àléébù, kí o ké síta lójú ẹsẹ̀. Ní ọjọ́ kan lẹ́yìn òjò, mo nawọ́ sí igun kan lápá ẹ̀yìn, mo ké, "Ibí yìí ni, Sà! Ọ̀gbàrá orí òkè ń gba ìdí rẹ̀ kọjá." Fọ́máànù pe òyìnbó, òyìnbó bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó ní kí wọ́n la gọ́tà síbẹ̀, ó sì bọ̀ mí lọ́wọ́. Èmi, ọmọ Bẹyẹrúnkà! Tíṣà sọ fún mi pé bí a bá ti parí ìwé wa, èmi ni wọ́n á kọ́kọ́ gbà síbi iṣẹ́ náà, wọ́n á kọ́ mi ní yíya àwòrán ilé àti kíkọ́ rẹ̀. N kò rìn délé lọ́jọ́ náà, eré ni mo sá.

Ìyàwó àfẹ́sọ́nà mi náà ti wà nílẹ̀ ní gbogbo àkókò yìí. Rábíátù ni orúkọ rẹ̀, ọmọ agbo ilé kan l'Ọ́jà'ba. Àwọn bàbá wa ló jọ sọ ọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé wọ́n fipá so wá pọ̀ o, mo fẹ́ràn ọmọ náà, òun náà sì mọ̀. Bó bá rí mi lókèèrè, á fi ìborùn bo ẹnu rẹ́rìn-ín, á sì wọlé. Ìyá rẹ̀ fẹ́ràn mi ju ìyá tó bí mi lọ, bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ n kò purọ́. "Òyìnbó mi" ló máa ń pè mí. Bàbá rẹ̀ ń ta obì, ó lówó díẹ̀, ó sì fẹ́ràn kí ayé máa wo òun.

Ẹ sì mọ àṣà wa. Ọkùnrin tó ń fẹ́ ọmọ ẹni gbọ́dọ̀ bẹ ọ̀wẹ̀ fún àna rẹ̀. Á kó ọ̀rẹ́ àti ìyekan lẹ́yìn, wọ́n á lọ roko bàbá ìyàwó tàbí kí wọ́n lọ mọ ilé fún un, láìgba kọ́bọ̀. Bí èrò bá ti pọ̀ tó lẹ́yìn rẹ ni wọ́n fi ń mọ irú ènìyàn tí o jẹ́. Bí àna bá ní kí o wá, o wá. Bó bá ní kí o tún padà wá, o tún padà wá. Ẹni tó bá ní ó ti rẹ òun ti sọ pé ọmọ náà kò wu òun mọ́. Ẹ̀gbọ́n àna mi kan ti pẹ́ ní Kùmásì, ó ti là níbẹ̀, ó ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wálé. Àna mi wá ní ilé tí a ó fi gba ẹ̀gbọ́n òun ni kí n bẹ ọ̀wẹ̀ fún, ilé amọ̀ tó ga, tí a ó fi páànù bò, lójúde agbo ilé níbi tí gbogbo ẹni tó ń kọjá á ti rí i.

Inú mi dùn sí i. Ilé kíkọ́, èmi! Mo kó àwọn ọmọ kíláàsì mi àti àwọn ọmọ agbo ilé wa lọ. A gbẹ́ ìpìlẹ̀, a po amọ̀, a mọ ìpele àkọ́kọ́, mo fi okùn àti òjé wọ̀n ọ́n, ó dúró ṣánṣán. Àna mi ń pe àwọn tó ń lọ sọ́jà, "Ẹ wá wo ọkọ ọmọ mi, iṣẹ́ òyìnbó ló ń ṣe o!" A fi í sílẹ̀ kó gbẹ, a padà wá mọ ìpele kejì. Títí dé ibẹ̀ kò sí ìjà. Kò sí mọlémọlé kan n'Íbàdàn tí kò mọ̀ pé ìpele kan gbọ́dọ̀ gbẹ kí a tó gbé òmíràn lé e, kì í ṣe òyìnbó ló kọ́ wa nìyẹn. Àfi bí òjò àkọ́rọ̀ ṣe dé láìròtẹ́lẹ̀, tí oòrùn sì sá pamọ́, tí ìròyìn sì dé lẹ́sẹ̀ kan náà pé ẹ̀gbọ́n ti gúnlẹ̀ sí Èkó, ó kù kó wọ rélùwéè. Àna mi pè mí. Ó ní, "Kó àwọn èèyàn rẹ wá lọ́la. Ẹ mọ gbogbo èyí tó kù, ká gbé páànù lé e."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀, àwa méjèèjì nìkan. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, amọ̀ náà ṣì tutù. Ẹ jẹ́ kí oòrùn rí i díẹ̀ sí i."

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ṣé èrò ti tán lẹ́yìn rẹ ni? Bó bá ti tán, wí fún mi, kí n pe ẹlòmíràn tó ń fẹ́ ìyàwó."

Mo kó wọn wá. Ilẹ̀ kò ì tíì mọ́ tán tí a ti ń gbé amọ̀ tútù lé amọ̀ tútù. Àwọn àgbà mọlémọlé wà láàárín èrò, wọ́n ń wò ó, wọ́n ń bu aáṣáà símú. Ta ló fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ àna àti àna? Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé igi òrùlé gòkè, mo gba apá ibi tí wọ́n ń dáná kọjá, ni mo bá rí i. Ògiri igun ibẹ̀ ti yọ ikùn. Ó ti sán láti òkè wálẹ̀, omi sì ń sun jáde lára rẹ̀. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ohun tí Tíṣà fi pàṣán kọ́ mi ló bọ́ lẹ́nu mi. Mo nawọ́ síbẹ̀, mo ké tantan, "Bàbá! Bí ilé yìí yóò bá wó, ibí yìí ni yóò ti wó! Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ inú rẹ̀ o!"

Ni ariwo bá sọ. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" "Kò ní ṣẹ!" Àwọn obìnrin ń fi ìka yí orí wọn ká, wọ́n ń ta á dànù. Gbólóhùn tí òyìnbó torí rẹ̀ bọ̀ mí lọ́wọ́ nísàlẹ̀ Mápó, òun náà ni wọ́n torí rẹ̀ fẹ́ lù mí pa l'Ọ́jà'ba. Àna mi ní, "Ilé tí mo kọ́ de ẹ̀gbọ́n mi lo fi ń ṣépè níṣojú gbogbo ayé? Kí ni mo fi ṣe ọ́?" Baálé agbo ilé wọn, bàbá arúgbó tó jókòó sórí ìtí igi, gbọ́wọ́ sókè. Ó ní, "Ẹyin lọ̀rọ̀, ó ti balẹ̀ ná. Kí ọmọ yìí sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀ pé ilé náà kò ní wó, ká ṣe àmín sí i, ká máa báṣẹ́ lọ." Gbogbo ojú wá dọ̀dọ̀ mi. Mo rí Rábíátù lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó ń ṣẹ́jú sí mi pé kí n wí i. Ìyá rẹ̀ náà ní, "Òyìnbó mi, wí i, ó ti tán." Ṣé ẹ̀yin náà á ní kí n wí i? Ògiri tó ń sunkún lójú mi! Mo ní, "Ilé náà kò ní wó, bí ẹ bá jẹ́ kó gbẹ." Kò sí ẹnì kan tó ṣe àmín.

Wọ́n lé èmi àti àwọn ènìyàn mi kúrò níbẹ̀, wọ́n sì fọwọ́ ara wọn parí rẹ̀. Páànù gun orí rẹ̀, ẹ̀gbọ́n dé láti Kùmásì, wọ́n kó ẹrù rẹ̀ síbẹ̀, ìlú wá kí i. Bàbá mi ń wá ẹni tí yóò bá wa lọ tọrọ àforíjì. Òjò ńlá rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan kí ó tó rí ẹni náà. Ẹ̀gbọ́n ti lọ sí mọ́sáláṣí. Ìyá Rábíátù rí i pé òjò ń fẹ́ wọlé bá àwọn àpótí àlejò, ló bá sáré wọlé láti sún wọn. Igun yẹn ló ya lù ú, tòun ti páànù. Ibi tí mo nawọ́ sí gan-an ni.

Kúdẹtì ni ìròyìn ti bá mi. N kò mọ bí mo ti débẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ń fọwọ́ wa amọ̀ náà, ẹnìkan ké, "Ẹ mú un kúrò níbẹ̀! Ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ kàn án!" Wọ́n wọ́ mi sẹ́yìn. Rábíátù yíjú sí mi, amọ̀ dé e ní ìgúnpá. Kò pariwo. Ó ní, "Ó ti ṣẹ o. O ti rí i pé ó ṣẹ. Máa lọ." Títí di òní, n kò mọ èwo ló dùn mí jù, ikú ìyá yẹn tàbí gbólóhùn yẹn.

Ẹ bá mi rò ó wò. Bí mo bá dákẹ́, wọ́n á ní èmi tí mo mọ ilé náà ni mo mọ ọ́n burú. Mo sọ̀rọ̀, wọ́n ní ẹnu mi ló wó o. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò lè wọ ibẹ̀. Ògiri lanu, mo ní ó lanu, ni wọ́n bá sọ èmi di alángbá! Kò sì sí ẹni tó bi àna mi pé kí ló sáré fún. Ó sunkún ìyàwó rẹ̀, gbogbo ìlú bá a sunkún, wọ́n ń fi ọwọ́ tọ́ mi. Bí mo bá ní n kò bínú sí ọkùnrin yẹn títí tó fi kú, irọ́ ni mò ń pa.

Tíṣà ní òun á lọ bá wọn sọ òótọ́. Ó lọ o! Ó dúró láàárín àwọn àgbà, ó ní kí wọ́n má bínú sí mi, ẹ̀kọ́ tí òun ń kọ́ wa ni mo sọ, pé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni òun ń ní kí a wí ibi tí ilé yóò ti wó. Háà! Ọ̀rọ̀ wá gba ibòmíràn yọ. Wọ́n ní ilé ìwé ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ lépè. Àwọn bàbá ní ọmọ àwọn kò gbọ́dọ̀ bá a lọ wo ilé kankan mọ́. Nígbà tí mo padà sí ibi ilé ẹjọ́, àwọn lébírà sọ̀kalẹ̀ lórí àkàbà, wọ́n gbé ṣọ́bìrì sílẹ̀, wọ́n ní àwọn kò ṣiṣẹ́ níbi tí mo bá wà. Fọ́máànù nu orí rẹ̀, ó mú mi lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Ọmọ mi, mo mọ̀ pé o ò ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àyà wọn bá ń já lórí àkàbà nítorí rẹ, ẹnìkan á ṣubú, wọ́n á tún ní ìwọ ni. Jọ̀ọ́, má wá mọ́." Bí iṣẹ́ òyìnbó mi ti parí nìyẹn, kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ kíláàsì mi kan ni wọ́n fi sí àyè mi. Kò fojú ara rẹ̀ rí àléébù kan rí, á kọ́kọ́ wo ibi tí mo bá nawọ́ sí kó tó na tirẹ̀. Ọ̀gá ni lónìí, ó ń kọ́ ilé káàkiri Ìbàdàn, ó ń dé fìlà àrán, ọ̀dọ̀ mi náà ló sì ti ń ra ìṣó. Mo ń jowú rẹ̀, kí n má tàn yín. Ti Rábíátù náà, wọ́n dá gbogbo ohun ìdána wa padà sójúde wa, títí kan iyọ̀, wọ́n sì fi í fún télọ̀ kan ní Bẹ́ẹ̀rẹ̀. Èmi náà fẹ́ ìyàwó nígbẹ̀yìn, ọmọ Yemẹtu, obìnrin tó gbà láti fẹ́ mi nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ohun tó mú mi pè yín jókòó gan-an nìyí. Ilé télọ̀ yẹn wà lójú ọ̀nà tí mo ń gbà lọ sọ́jà. Ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ ti sán. Mo ti rí i láti ẹ̀ẹ̀rùn, mo ń gbójú kúrò, àmọ́ ẹnu rẹ̀ ń fẹ̀ sí i, ọ̀gbàrá sì ti jẹ ìdí rẹ̀ wọlé. Ọmọ Rábíátù tó lọ sílé ọkọ ti wá bímọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, yàrá igun yẹn sì ni wọ́n tẹ́ ẹní rẹ̀ sí. Mo lọ bá ọ̀gá onífìlà àrán, mo ní kó bá mi sọ fún wọn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọ̀rẹ́, wọn ò pè mí síbẹ̀." Mo wá rán ìyàwó mi pé kó lọ kí wọn kú ọwọ́ lómi, kó wò yíká, kó sọ ọ́ bí ohun tí òun fojú ara òun rí. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Rábíátù gbọ́ ọ tán, kò bínú, ó tilẹ̀ sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ibẹ̀ ló ti wí fún un pé, "Ẹ ṣé tẹ́ ẹ wá kí wa. Ẹ bá mi sọ fún bàbá ilé yín pé ìyá mi nìkan ti tó."

Iṣẹ́ tí ìyàwó mi jẹ́ fún mi nìyẹn. Bí mo bá lọ ké síta níwájú ilé wọn, tí ògiri náà sì wó, èmi ni. Bí mo bá dákẹ́, tó wó, ta ni? Òjò ti ṣú sí apá Mọ́lété báyìí, ọmọ tuntun yẹn kò sì tíì lórúkọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ tẹnu mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, kẹ́ ẹ sì yára. Ṣé kí n lọ nawọ́ sí igun yẹn lẹ́ẹ̀kejì láyé mi ni, tàbí kí n jókòó ti ìṣó mi l'Ọ́jà'ba, kí n máa tẹ́tí sí òjò?